Àṣírí Ta Là Ń Bò? Audre Lorde àti Obìnrin Tó Ń Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọmú

Nínú The Cancer Journals, ìwé tí Audre Lorde gbé jáde ní ọdún 1980, ibi kan wà tí ẹni tó bá ti kà á kì í tètè gbàgbé. Ọjọ́ kẹwàá rèé lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ ọ̀tún nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Ó ní láti padà lọ bá dókítà kí wọ́n lè tú okùn tí wọ́n fi rán ojú ọgbẹ́. Obìnrin yìí ò fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà o. Ó wọ aṣọ kẹ́ńtè, ó wọ bàtà tuntun, ó fi yẹtí kan ṣoṣo sétí ọ̀tún, ó sì mọ̀ pé òun rẹwà. Ohun kan ni kò ṣe: kò fi nǹkan kan dípò ọmú tó ti lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wò ó, ó ní kò wọ ọmú àtọwọ́dá. Lorde dáhùn pé kò bá òun lára mu. Ni nọ́ọ̀sì bá sọ fún un pé àwọn á fẹ́ kó máa wọ nǹkan tó bá ń bọ̀, torí bó ṣe wá yẹn lè kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá ọ́fíìsì.

Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ọ́fíìsì dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọmú là ń wí. Lára àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀, ẹni tí wọ́n ti gé tirẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣì lè gé tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí obìnrin ò bá lè gbé àyà rẹ̀ bó ṣe rí wọ irú ibẹ̀ yẹn, ibo ló kù tó lè gbé e wọ̀?

Ohun tó jẹ́ ká mú ìwé yìí wá síwájú yín ni pé gbólóhùn nọ́ọ̀sì yẹn ò parí sí ọ́fíìsì dókítà. Ó máa ń bá obìnrin délé, ó sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ ti parí, ojú ọgbẹ́ ti jinná, ìsinmi ti tán, ó wá ku àárọ̀ Mọ́ńdè kan tó gbọ́dọ̀ múra, kó wọ mọ́tò, kó sì wọlé bá àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn. Kí ni ìwé tí wọ́n kọ ní New York ní ohun tó lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn fẹ́ sọ fún obìnrin tó ń padà sí kíláàsì ní Ìbàdàn, tàbí tó ń padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà? Èrò tiwa ni pé ó ní ohun ńlá láti sọ. Àmọ́ ibì kan wà tó ti kù díẹ̀ káàtó, ibì kan sì wà tó ti gbé ìtàn àwọn ará ilé kejì wa gba ibi tí kò gbà.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, akéwì ni Lorde. Àwọn òbí rẹ̀ wá láti erékùṣù Caribbean, New York ni wọ́n bí i sí ní 1934. Ó ṣe iṣẹ́ láíbúrárì kó tó di olùkọ́; ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó ń kọ́ni ní John Jay College. Ọmọ méjì ló bí. Obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Frances Clayton, ni wọ́n jọ ń gbé bí olólùfẹ́, kò sì fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún 1978 yẹn náà ni ìwé ewì rẹ̀, The Black Unicorn, jáde, níbi tí Yemọja, Ṣàngó àti Èṣù ti ń rìn wọlé rìn jáde. Kì í ṣe àlejò sí wa pátápátá.

Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni The Cancer Journals: ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan, àròkọ mẹ́ta, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tó ń ṣe fún ara rẹ̀ nígbà tí nǹkan náà ń lọ lọ́wọ́. Àròkọ àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ ní Chicago ní oṣù kejìlá ọdún 1977. Nígbà yẹn, wọ́n ti rí kókó kan ní ọmú rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbé pẹ̀lú ìbẹ̀rù kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó fi hàn pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló yẹ ayé rẹ̀ wò, tó rí i pé ibi tí òun ti dákẹ́ ló ń dun òun jù, àti pé dídákẹ́ náà ò gba òun lọ́wọ́ ohunkóhun. Ọmọ Yorùbá tó bá ka ibẹ̀ á kàn mi orí ni. Ṣebí àwọn àgbà ti ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun tí Lorde gba inú ìbẹ̀rù ikú kọjá kó tó rí, inú òwe la ti bá a.

Àmọ́ kéèyàn mọ òwe yàtọ̀ sí kó máa fi í hùwà. Àwa tí a ni òwe yìí náà la máa ń sọ pé "ẹ má dárúkọ ẹ̀" tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ bá délé. "Àìsàn yẹn" là ń pè é. Obìnrin á lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní ó rìnrìn àjò. Tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, gbogbo èèyàn á ti mọ̀, ẹnì kan ò sì ní í sọ. Á kàn máa rí i pé ojú wọn ń sọ̀ kalẹ̀ sí àyà òun, ó sì ń yára gbéra kúrò níbẹ̀.

Àròkọ kẹta ni egungun ìwé náà. Ibẹ̀ ni Lorde ti gbógun ti ọmú àtọwọ́dá. Nígbà tó ṣì wà ní ọsibítù, obìnrin kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ náà rí wá kí i, ó sì mú ọmú rírọ̀ kan wá fún un. Àwọ̀ òyìnbó ni nǹkan náà ní; ara Lorde dúdú. Obìnrin yìí fi dá a lójú pé tó bá ti wọ̀ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ ìyàtọ̀. Ohun tó dun Lorde gan-an nìyẹn, torí pé òun fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Kò tíì sunkún tán lórí ohun tó lọ, wọ́n ti ń fún un ní ohun tó máa jẹ́ kó dà bíi pé nǹkan kan ò lọ.

Àlàyé rẹ̀ múná. Ó ní eyín àtọwọ́dá ń jẹun, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ń rìn, ṣùgbọ́n ojú àwọn ẹlòmíì nìkan ni ọmú àtọwọ́dá ń ṣiṣẹ́ fún. Ó tún ní tí gbogbo obìnrin tí wọ́n ti gé lọ́mú bá ń bò ó, wọn ò ní í lè dá ara wọn mọ̀ lójú títì, ẹni tí kò bá sì mọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè bá a pa ohùn pọ̀ bèèrè ohun tó ń fa àrùn náà. Ó wá fi Moshe Dayan ṣe àpẹẹrẹ, olóṣèlú ilẹ̀ Israel tí ojú rẹ̀ kan fọ́ lógun, tó máa ń fi awọ bo ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó lọ ki ojú onígíláàsì bọ̀ ọ́ kí ọ́fíìsì má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Akọni tó ti ogun bọ̀ ni wọ́n ń rí. Kí ló dé tí obìnrin tó ti ogun tirẹ̀ bọ̀ fi di ohun ìtìjú?

Ibí yìí ni àwa fẹ́ ti dá Lorde dúró díẹ̀. Ẹ wo Dayan yẹn dáadáa: ó bo ojú náà. Kò ṣí i sílẹ̀ fún aráyé. Awọ yẹn ń bo ojú fífọ́, àmọ́ kò purọ́ pé ojú wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín bíbo nǹkan àti pípa irọ́ nípa rẹ̀, àpẹẹrẹ tí Lorde fúnra rẹ̀ mú wá ló sì fi í hàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró lórí ẹ̀. Ní èdè wa, bíbò kì í ṣe ìwà ojo. Àdúrà ni. Gbogbo ìgbà la máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó bo àṣírí wa, àmín tó máa ń tẹ̀ lé e kì í sì í ṣe kékeré. Bùbá tó fẹ̀, tí kò sọ bí àyà ṣe rí, ìborùn tí obìnrin jù lé èjìká kan, iṣẹ́ tí awọ ojú Dayan ń ṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n bo ara láìṣèlérí fún ẹnikẹ́ni pé ọmú méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi kì í ṣe pé ṣé obìnrin yìí bò ó tàbí kò bò ó. Àṣírí ta ló ń bò? Obìnrin tó ki fóòmù bọ kọ́mú torí pé ó fẹ́ rin ìrìn rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnì kan ń wò ó, àṣírí ara rẹ̀ ló bò. Òun ló ni í. Obìnrin mìíràn fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wúwo bákan náà kí ọrùn àti ẹ̀yìn má bàa máa dùn ún, ìyẹn sì ti kọjá ọ̀rọ̀ ojú ẹlòmíì tí Lorde ń sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ki fóòmù bọ̀ ọ́ torí pé ọ̀gá ní kó "tún ara ṣe" kó tó jókòó níwájú kọsítọ́mà, àṣírí ọ́fíìsì ló ń bò. Ẹ̀rù jẹjẹrẹ tó ń ba àwọn yòókù ni wọ́n dì, tí wọ́n gbé lé e lórí. Ó ti ń gbé ẹ̀rù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ o.

Lorde rí ẹrù kejì yìí kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé rẹ̀ ṣì gbóná lọ́wọ́. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ni iye tí kíkọ̀ ń náni. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, orúkọ rẹ̀ ti jáde, àwọn obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ sì yí i ká. Òun náà kọ ọ́ pé ìfẹ́ wọn ló gbé òun ró. Ẹni tó ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù onítọ̀hún, tí wọ́n lè fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀ lọ́la, ò lè fi àyà pẹlẹbẹ bá ọ̀gá jiyàn. Àwa kì í sì í yé sọ pé aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn. Tí ìwé kan bá wá sọ fún obìnrin yìí pé bó ṣe bò ó yẹn, ó ti gbà fún wọn, ìwé náà ti fi ẹrù kẹta kún un.

Nǹkan kejì tí a wá títí nínú ìwé yìí ni apá. Ọ̀rọ̀ àyà pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìrora pọ̀, àmọ́ tó bá di ti iṣẹ́ tí à ń fọwọ́ ṣe, ìwé náà fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ apá ló sábà máa ń pinnu bóyá èèyàn á lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí wọ́n bá ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí, wọ́n sábà máa ń yọ lára àwọn kókó kéékèèké tó wà lábẹ́ abíyá, àwọn tó ń bá ara fa omi. Tí wọ́n bá ti yọ wọ́n, omi lè máa dúró sí apá yẹn, kó wú, kó wúwo, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan. Èjìká lè gan. Ẹ wá ro iṣẹ́ àwọn obìnrin wa wò. Tíṣà ń gbé ọwọ́ sókè síbi pátákó. Onídìrí ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú apá nínà. Aláàkàrà dojú kọ iná àti òróró gbígbóná, bẹ́ẹ̀ iná tó bá ta sí irú apá yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn á fojú kékeré wò. Kódà gèlè, ọwọ́ méjì lókè orí ló ń gbà. Kò sí fóòmù tó ń wo ìyẹn sàn. Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ni eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀, ẹni tó máa bá a gbé ẹrù wíwúwo, àti ọ̀gá tó gbà kó jókòó ṣe ohun tó ń dúró ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó tún ń fẹ́ àkókò. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún tí wọ́n á fi sanwó fún un, tí dókítà bá ti kọ̀wé sí i. Ọjọ́ méjìlá! Kẹ́mò nìkan lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Àwọn ibi iṣẹ́ kan máa ń fún èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àánú wọn nìyẹn. Ẹni tó sì ń dá iṣẹ́ ara ẹ̀ ṣe lọ́jà, ọjọ́ kan ṣoṣo gan-an kò sí fún un. Ní Amẹ́ríkà níbi tí Lorde wà, 1993 ni òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ ẹni tó bá gba ìsinmi àìsàn ọ̀sẹ̀ 12 tó dé, kò tiẹ̀ sanwó fún wọn. Lorde ti kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1992. Ìgbà tó ń kọ ìwé yìí, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ tó lè tọ́ka sí. Ó yé wa tó bá jẹ́ pé ìgboyà nìkan ló rí gbé dání.

Ọ̀rọ̀ ìgboyà yìí ló gbé wa dé Dahomey. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ kan, Lorde rántí àwọn obìnrin jagunjagun Dahomey. Ó gbà pé wọ́n máa ń gé ọmú wọn kan kí wọ́n lè ta ọfà dáadáa, ó wá ń rò ó bó ṣe rí lára àwọn ọmọdébìnrin yẹn, tó jẹ́ pé tinútinú ni wọ́n fi gbà á torí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ìtàn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gíríìkì ló ní àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Amazon ń gé ọmú. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé Dahomey tí wọ́n rí obìnrin tó ń jagun, wọ́n fi orúkọ yẹn pè wọ́n, ìtàn ọmú gígé sì tẹ̀ lé orúkọ bọ̀. Ìbọn àti àdá ni ohun ìjà tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ̀. Ẹ bi àwọn Ẹ̀gbá. Wọ́n wà nínú ogun tí Ọba Gezo kó wá bá Abẹ́òkúta ní 1851, wọ́n tún wà nínú èyí tí Glele kó wá ní 1864, Ẹ̀gbá sì lé wọn padà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹni tó wo fíìmù The Woman King ní 2022 náà ti rí wọn, tọ̀tún tòsì pé.

Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìtàn mú obìnrin tó wà nínú ìrora, tó ń wá ìyá ńlá kan tó lè fara jọ. Ohun tó kọ wá lóminú ni iṣẹ́ tí àwòrán yẹn ń ṣe lónìí. Jagunjagun ló yan ogun. Obìnrin tí jẹjẹrẹ mú ò yan nǹkan kan. Síbẹ̀, ọjọ́ tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, orí Instagram àti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á ti kún fún "akíkanjú," "obìnrin bí ọkùnrin," "o ti ṣẹ́gun." Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ o, a ò jiyàn. Àmọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ní aago méjì ọ̀sán ńkọ́? Tó bá lọ sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní kó fi fóòmù bò ó. Àwọn yìí ní kó fi akíkanjú bò ó. Ọ̀kan náà ni. Lorde fúnra rẹ̀ ò tan ara rẹ̀ jẹ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹkún, ìbínú àti òru àìsùn. Ibi tó ti ń bẹ̀rù ló wúlò jù fún ẹni tó ń padà síbi iṣẹ́, ju ibi tó ti ń pe àwọn jagunjagun lọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ibì kan wà tí a ò lè bá Lorde jiyàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ikú òun ìyè fún wa. Àwọn dókítà wa ti ń pariwo ẹ̀ tipẹ́ pé ọ̀pọ̀ obìnrin ní Nàìjíríà ni kì í wá sí ọsibítù àfìgbà tí jẹjẹrẹ ọmú bá ti tàn. Àwọn kan á wá, wọ́n á gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gé ọmú, wọ́n á sì gba ilé lọ. Kí ló fà á? Owó wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ọkọ wà níbẹ̀, ilé àdúrà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ fi eléyìí kún un: ẹni tó kú nípa jẹjẹrẹ, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tó yè, tó padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún kẹjọ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó mọ̀, torí ó ti bò ó dáadáa. Òkú nìkan là ń rí kà. Báwo ni obìnrin tó fọwọ́ kan kókó lọ́mú rẹ̀ láàárọ̀ òní ṣe fẹ́ gbà gbọ́ pé èèyàn ń lọ síbẹ̀, ó sì ń bọ̀?

Lorde lọ, ó bọ̀. Ẹ ka iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn 1978. Zami jáde ní 1982, Sister Outsider ní 1984. Ó lọ kọ́ni ní Hunter College, ó lọ kọ́ni ní Berlin. Ní 1984 wọ́n sọ fún un pé jẹjẹrẹ ti dé ẹ̀dọ̀. Ó tún kọ A Burst of Light, tó jáde ní 1988. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yẹn. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn gan-an ló dá nọ́ọ̀sì lóhùn.

A ò wá lè sọ pé gbogbo obìnrin ló gbọ́dọ̀ ṣí àyà sílẹ̀ kí àwọn tó kù lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ẹni tí ipò rẹ̀ gbà á, ọ̀gá ilé ìwé, lọ́yà, dókítà, ìyálọ́jà tí ẹnì kan ò lè lé kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀, ni a rò pé Lorde ń bá wí jù. Tí irú wọn bá sọ ọ́ jáde, wọ́n ti la ọ̀nà fún ẹni tí kò lè sọ. Ẹni tí kò lè sọ, kó máa bo àṣírí rẹ̀ lọ, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Iṣẹ́ tó kù, ọwọ́ àwa tí a jókòó sí ọ́fíìsì ló wà. Èdè wa ò tiẹ̀ jẹ́ ká wá ọ̀rọ̀ tì. Ẹ kí i pé ẹ kú ewu. Ẹ kí i káàbọ̀. Kí ẹ sì bi í, níkọ̀kọ̀, ohun tí ó fẹ́ kí ẹ bá òun gbé. Ohun tó fi sínú kọ́mú ò kan yín. Ẹ wá ìwé náà kà, kí ẹ ti àròkọ kẹta bẹ̀rẹ̀.